Òwú Ń Lọ, Àpò Ń Bọ̀

Ilẹ̀ méjì tí ó jìnnà síra wọn

Bẹ̀nẹ̀ wà ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Bángládẹ́ẹ̀ṣì wà ní Éṣíà, ní apá ibi tí oòrùn ti ń yọ. Ọ̀nà tí ó wà láàárín wọn jìn gan-an. Nígbà tí aago bá lu 8 ní òwúrọ̀ ní Kétu, tí àwọn ọmọ ń wọ kíláàsì, aago 1 ọ̀sán ti lù ní Dhaka, olú-ìlú Bángládẹ́ẹ̀ṣì. Oòrùn ti kọjá àtàrí níbẹ̀.

Ilẹ̀ méjèèjì kò tóbi púpọ̀. Bẹ̀nẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí 115,000 kìlómítà níbùú lóròó. Bángládẹ́ẹ̀ṣì fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀, ó tó nǹkan bí 148,000. Ṣùgbọ́n ènìyàn pọ̀ ní Bángládẹ́ẹ̀ṣì. Àwọn ènìyàn Bẹ̀nẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 10. Àwọn ènìyàn Bángládẹ́ẹ̀ṣì lé ní mílíọ̀nù 160. Ilé sún mọ́ ilé níbẹ̀, oko sì sún mọ́ oko.

Èdè wọn yàtọ̀. Owó wọn náà yàtọ̀. Fáráǹkì ni wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀. Taka ni wọ́n ń ná ní Bángládẹ́ẹ̀ṣì. Síbẹ̀, àwọn ilẹ̀ méjì yìí ń bá ara wọn ṣòwò. Kí ni wọ́n ń tà fún ara wọn? Ta ni ó sì ń jèrè níbẹ̀?

Òwú ń lọ

Òwú máa ń ṣe dáadáa ní Bẹ̀nẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ Banikoara àti Kandi ní àríwá ń gbìn ín púpọ̀. Wọ́n tún ń gbìn ín ní apá Ṣábẹ.

Nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, ní nǹkan bí oṣù kẹfà, àgbẹ̀ á gbin òwú. Á ro oko rẹ̀. Á fi ajílẹ̀ sí i. Á pa kòkòrò tí ń jẹ ẹ́. Nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró, èso òwú á gbẹ, á sì là. Òwú funfun á yọ jáde. Bàbá, ìyá àti àwọn ẹbí á fi ọwọ́ já a, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

Òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já ní kóró nínú. Nítorí náà, wọ́n á kó o lọ sí ilé iṣẹ́ tí ń yọ kóró òwú. Irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà ní Parakou àti ní Bohicon. Nínú 100 kílò òwú tí ó ti oko dé, òwú funfun tí ẹ̀rọ ń yọ jáde lé díẹ̀ ní 40 kílò. Kóró ni ó pọ̀ jù nínú ìyókù. Kóró náà kì í ṣòfò. Wọ́n ń fún òróró jáde lára rẹ̀, ẹran ọ̀sìn sì ń jẹ èyí tí ó bá ṣẹ́ kù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀rọ mìíràn á tẹ òwú funfun náà mọ́lẹ̀ títí á fi le. Wọ́n á dì í ní ẹrù. Ẹrù kan wúwo tó nǹkan bí 220 kílò. Ìyẹn tó ìwúwo àgbàlagbà mẹ́ta.

Ọkọ̀ akẹ́rù á gbé àwọn ẹrù náà wá sí èbúté Kútọnu. Níbẹ̀, wọ́n á kó wọn sínú àpótí irin ńlá. Àpótí kan lè gùn tó mítà 12. Ẹ̀rọ tí ọrùn rẹ̀ gùn á gbé àpótí náà sókè, á sì gbé e ka orí ọkọ̀ òkun.

Ọ̀nà méjì ni ọkọ̀ òkun lè gbà lọ. Ó lè lọ sí gúúsù, kí ó yí ìsàlẹ̀ Áfíríkà po, kí ó sì bọ́ sínú Òkun Íńdíà. Ó sì lè lọ sí àríwá, kí ó gba Suez kọjá. Suez jẹ́ odò tí ènìyàn fi ọwọ́ gbẹ́ ní ilẹ̀ Íjíbítì. Wọ́n ṣí i ní ọdún 1869. Ìrìn àjò náà lè gbà ju oṣù kan lọ. Níkẹyìn, òwú Bẹ̀nẹ̀ á gúnlẹ̀ sí Chattogram, èbúté tí ó tóbi jù ní Bángládẹ́ẹ̀ṣì.

Ohun tí Bángládẹ́ẹ̀ṣì ń fi òwú ṣe

Odò ńláńlá pọ̀ ní Bángládẹ́ẹ̀ṣì. Ilẹ̀ ibẹ̀ dára fún ìrẹsì, ìrẹsì ni wọ́n sì ń gbìn jù, kí gbogbo ènìyàn wọn lè rí oúnjẹ jẹ. Ilẹ̀ tí ó kù fún òwú kéré.

Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ìránṣọ pọ̀ níbẹ̀. Nǹkan bí mílíọ̀nù 4 ènìyàn ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn, obìnrin ni ó sì pọ̀ jù. Àwọn kan ń ran òwú di fọ́nrán. Àwọn kan ń hun aṣọ. Àwọn kan ń pa á láró, àwọn kan ń gé e, àwọn kan ń rán an. Ilẹ̀ Ṣáínà ni ó ń ta aṣọ rírán jù fún ilẹ̀ mìíràn ní gbogbo ayé. Bángládẹ́ẹ̀ṣì ni ó tẹ̀ lé e.

Bángládẹ́ẹ̀ṣì nílò òwú púpọ̀, kò sì ní i. Bẹ̀nẹ̀ ní òwú púpọ̀. Ìdí nìyí tí Bángládẹ́ẹ̀ṣì fi wà lára àwọn tí ó ń ra òwú Bẹ̀nẹ̀ jù. Àwọn àgbà ní: Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Àpò ń bọ̀

Kí ni Bẹ̀nẹ̀ ń rà lọ́wọ́ Bángládẹ́ẹ̀ṣì? Ọ̀kan lára wọn yóò ya àwọn tí ó fẹ́ràn ọbẹ̀ ewédú lẹ́nu.

Ewédú tí ìyá ń sè láti fi jẹ ọkà wà ní Bángládẹ́ẹ̀ṣì pẹ̀lú. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ náà ń jẹ ewé rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú tí wọ́n ń gbìn sí oko ńlá kì í ṣe fún ọbẹ̀ nìkan. Wọ́n á jẹ́ kí ó dàgbà títí á fi ga ju ènìyàn lọ. Wọ́n á gé e. Wọ́n á rẹ igi rẹ̀ sínú omi fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́. Èèpo rẹ̀ á rọ̀. Wọ́n á bó èèpo náà, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sì sá a sí oòrùn. Ó ti di okùn tín-ín-rín nìyẹn. Okùn yìí ni wọ́n ń hun di àpò ìdọ̀họ.

Àpò náà wúlò púpọ̀ fún àwọn tí ń gbin kajú ní Ṣábẹ àti ní àwọn ìlú mìíràn. Nígbà tí kajú bá pọ́n, wọ́n á yọ kóró rẹ̀, wọ́n á sá a, wọ́n á sì kó o sínú àpò. Afẹ́fẹ́ máa ń gba inú àpò ìdọ̀họ kọjá, nítorí náà kajú kì í tètè bu. Àpò kan lè gba nǹkan bí 80 kílò. Bẹ́ẹ̀ ni igi ewédú láti ọ̀nà jíjìn ṣe ń ru kajú Ṣábẹ.

Bí wọ́n ṣe ń sanwó

Ní ọjà Kétu, ẹni tí ó fẹ́ ra iṣu á dúró níwájú ìyá oníṣu. Á wo iṣu, á dúnàádúrà, á sanwó, á sì gbé iṣu rẹ̀ lọ. Wọ́n rí ojú ara wọn.

Ẹni tí ń ta òwú ní Kútọnu kò rí ojú ẹni tí ń rà á ní Dhaka. Bí ó bá kó òwú rẹ̀ lọ kí owó tó dé, ẹ̀rù lè máa bà á pé wọn kò ní sanwó. Bí ẹni tí ń rà á bá kọ́kọ́ sanwó, ẹ̀rù lè máa ba òun náà pé òwú kò ní dé. Kí ni wọ́n ń ṣe?

Ilé ìfowópamọ́ ni ó máa ń dúró láàárín wọn. Ilé ìfowópamọ́ ẹni tí ń rà á á kọ ìwé pé: Bí òwú bá ti wọ ọkọ̀, tí ìwé ẹrù sì pé, a ó sanwó. Ó di onígbọ̀wọ́. Ọkàn àwọn méjèèjì á sì balẹ̀. Dọ́là Amẹ́ríkà ni wọ́n sábà máa ń fi ná an, nítorí pé ilẹ̀ púpọ̀ ni ó ń gbà á.

Ta ni ó ń jèrè jù?

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀. Ní ọdún 2022, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fi iye owó òwú lélẹ̀. Kílò kan òwú tí ó dára, tí kóró rẹ̀ wà nínú, jẹ́ 300 fáráǹkì. Ẹ̀wù kan tí kò nípọn ń gba nǹkan bí ìdajì kílò òwú bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, òwú ẹ̀wù kan mú nǹkan bí 150 fáráǹkì wá fún àgbẹ̀. Nínú owó yìí ni àgbẹ̀ á ti san owó ajílẹ̀ àti ti oògùn kòkòrò.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀wù náà bá di tuntun ní ọjà, iye rẹ̀ lè tó 1,500 fáráǹkì, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Níbo ni owó tí ó lé wọlé sí? Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó ran òwú, àwọn tí ó hun ún, àwọn tí ó rán an, àwọn tí ó gbé e àti àwọn tí ó tà á. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí a bá ṣe sí òwú ń fi owó kún iye rẹ̀. Ẹni tí ó bá ta òwú lásán ń jẹ èrè iṣẹ́ oko nìkan.

Àwọn ìyá àgbà ní Kétu àti Ṣábẹ mọ èyí láyé àtijọ́. Wọ́n ń ran òwú fúnra wọn, wọ́n sì ń hun ún di aṣọ. Lónìí, Bẹ̀nẹ̀ tún fẹ́ máa ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ. Ní ọdún 2020, wọ́n dá ibùdó ilé iṣẹ́ ńlá kan sílẹ̀ ní Glo-Djigbé, nítòsí Kútọnu. Níbẹ̀, wọ́n ti ń ran òwú Bẹ̀nẹ̀, wọ́n ń hun ún, wọ́n sì ń rán an di ẹ̀wù. Bí iṣẹ́ yìí bá gbòòrò, púpọ̀ sí i nínú owó ẹ̀wù á máa dúró nílé.

Ẹ wo ọrùn ẹ̀wù yín

Ẹ yẹ inú ọrùn ẹ̀wù yín wò. Aṣọ kékeré kan sábà máa ń wà níbẹ̀ tí a kọ̀wé sí. Bí ẹ bá rí “Fabriqué au Bangladesh” tàbí “Made in Bangladesh”, ibẹ̀ ni wọ́n ti rán an. Ó lè jẹ́ pé oko Banikoara ni òwú rẹ̀ ti hù. Bí ẹ bá rí “Bénin”, a jẹ́ pé ilé ni wọ́n ti rán an.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀

Èbúté: ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí.
Fọ́nrán: òwú tí a ti ran, tí ó tín-ín-rín.
Onígbọ̀wọ́: ẹni tí ó dúró fún ẹlòmíràn pé yóò sanwó.
Èrè: owó tí ó kù lọ́wọ́ ẹni lẹ́yìn tí ó ti san gbogbo ìnáwó.

Ìbéèrè

1. Kí ni Bángládẹ́ẹ̀ṣì ń rà lọ́wọ́ Bẹ̀nẹ̀? Kí ló dé tí kò fi gbìn ín púpọ̀ fúnra rẹ̀?
2. Irúgbìn wo ni wọ́n fi ń ṣe àpò ìdọ̀họ? Kí ni ìyá ń fi ewé rẹ̀ ṣe nílé?
3. Bí aago bá lu 10 ní òwúrọ̀ ní Àjàṣẹ́, aago mélòó ni ó lù ní Dhaka?
4. Kílò kan òwú jẹ́ 300 fáráǹkì. Eélòó ni àgbẹ̀ yóò gbà lórí 20 kílò?
5. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà nílé: Ta ni ó ń ran òwú ní ìlú yín láyé àtijọ́? Ẹ wá sọ ohun tí ẹ gbọ́ fún kíláàsì.