Ṣé àìsàn ni, àbí iṣẹ́ ló pọ̀ jù?

Àbúrò wa kan tó ń gbé ní Mararaba, lẹ́bàá Abuja, pè wá ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti mọ ohun tó ń ṣe mí." Ó ti dáhùn àwọn ìbéèrè kan lórí fóònù, wọ́n sì ní burnout ni. Ó ti ra fítámì àti oògùn oorun ní kẹ́míìsì.

A ní kó ka ọjọ́ Ajé rẹ̀ fún wa. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ló ń jí. Á pọn omi, á dáná, á wẹ ọmọ méjì, á sì ti wọ ọkọ̀ kí aago mẹ́fà tó lù, torí ẹni tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ká mọ́ Nyanya kò mọ ìgbà tó máa dé Wuse. Aago mẹ́jọ alẹ́ ló ń wọlé. Ní mẹ́wàá, ọ̀gá rẹ̀ á tún fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Lọ́kọ́ja ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń wálé.

A bi í pé nínú gbogbo èyí, èwo ni àìsàn?

Èdè ni iṣẹ́ wa, ẹ jẹ́ ká yà síbẹ̀ díẹ̀. Bí Yorùbá bá ní "ó rẹ̀ mí", "mí" ló wà ní ipò àbọ̀: nǹkan ló ṣe é, kì í ṣe òun ló ṣe nǹkan. Bí wọ́n bá ní ẹnì kan "ń ṣàárẹ̀", ọ̀rọ̀ ti di ti oògùn nìyẹn. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra, ṣùgbọ́n kò sí ìyá àgbà tó ń ṣi ọ̀kan lò fún èkejì.

Àjọ Ìlera Àgbáyé náà kò pè é ní àìsàn. Nígbà tí burnout wọ ìwé ICD-11 ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, ọ̀pọ̀ oníròyìn pariwo pé ó ti di àrùn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni àjọ náà ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ iṣẹ́ ni, kì í ṣe àìsàn.

Wọ́n ti ṣe irú èyí fún wa rí. Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní Arò l'Ábẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń gbóná, tí nǹkan ń rìn lórí wọn, tí ojú ń ṣú, tí ìwé kò sì wọ̀ wọ́n lórí mọ́. "Brain fag" ni wọ́n pè é. Ní 1994 ó wọ DSM-IV, ìwé àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà, lára àwọn àìsàn tí wọ́n ní ó jẹ́ ti àṣà ibì kan. Bẹ́ẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi orúkọ yìí kan náà pe àárẹ̀ ara wọn láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún! Nígbà tí DSM-5 jáde ní 2013, kò ní àyè tirẹ̀ mọ́. Ẹ fojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà yẹn: gbogbo ẹbí ti dáwó lé e lórí, èdè tí kì í ṣe ti ìyá rẹ̀ ló fi ń kàwé, ìdánwò kan ṣoṣo sì lè dá a padà sílé. Ta ni orí rẹ̀ kò ní gbóná?

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wà, àìsàn gidi sì ni. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí inú ẹni kò dùn sí ohunkóhun, tí oorun tàbí oúnjẹ ti dàrú, ilé ìwòsàn ni kó lọ. Bí ó bá ń ronú ikú, kó má dúró de ọ̀la, kí ẹnì kan sì bá a lọ. Ìyẹn gan-an ló ń bí wa nínú: tí gbogbo àárẹ̀ bá ti di àìsàn, a ò ní tètè mọ ẹni tó ń ṣàìsàn lóòótọ́. Ọ̀gá tó ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lóru á sì máa sùn, torí fítámì kì í bá ọ̀gá sọ̀rọ̀.

Àbúrò wa lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò ga. Dókítà ní kó fi oògùn oorun yẹn sílẹ̀. Ó kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ pé àárọ̀ lòun á máa dáhùn iṣẹ́ alẹ́. Ọ̀gá kò fèsì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ alẹ́ ti dín kù. Òun àti aládùúgbò rẹ̀ kan ti jọ ń pín mímú ọmọ lọ sílé-ìwé. Ọkọ rẹ̀ ń wá ọ̀nà àtipadà sí Abuja. Nígbà tó pè wá gbẹ̀yìn, inú ọkọ̀ ló wà ní Nyanya, ọkọ̀ náà kò sì tíì kúrò lójú kan. Ó ní ó ṣì ń rẹ òun, ṣùgbọ́n òun ti ń sùn.