Ṣọ́ọ̀bù Mẹkáníìkì: Owó Ń Wọlé, Ibo Ló Ń Gbà Jáde?

Ẹ tètè kà á kí agogo tó lù, torí ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ orúkọ rere sì tún wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni bàbá mi ń ṣe n'Íbàdàn níbí. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n tún ń ta páàtì ọkọ̀ nínú kọ̀ǹténà kékeré kan tó wà nínú ọgbà iṣẹ́ wọn. Ní sáà tó kọjá, wàhálà kan bẹ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ ń wọlé, ọkọ̀ ń jáde, ariwo "ọ̀gá, ẹ bá mi wo ẹ́ńjìnnì yìí" ò dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n tí oṣù bá parí, tí bàbá mi fẹ́ lọ ra ọjà ní Ládípọ̀ l'Ékòó, owó ò ní pé. Wọ́n á kà á, wọ́n á tún un kà, ibi kan náà ló máa já sí.

Nígbà tó yá, ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sára ọmọ iṣẹ́ tí kọ́kọ́rọ́ kọ̀ǹténà wà lọ́wọ́ ẹ̀. Bíréèkì pádì ń tán ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n ní òun ló ń kó o tà lẹ́yìn. Ọmọ náà búra, ó sunkún. Bàbá mi ní tí nǹkan ò bá yí padà, kó kó ẹrù ẹ̀ máa lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, oṣù márùn-ún péré ló kù kó ṣe fúrídọ́ọ̀mù!

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ni mo bá rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa nínú iṣẹ́ Akáǹtì. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní oṣù kan àti ìwé kan." Ohun tá a fi ìwé yẹn ṣe ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Iye owó tí ẹ máa rí níbí kì í ṣe iye gan-an o, mo ti yí wọn kí n má bàa tú àṣírí ilé, àmọ́ bí ìṣirò ṣe lọ nìyẹn.

KÍ LÓ BURÚ NÍNÚ ÌWÉ TÀTIJỌ́?

Bàbá mi ń kọ nǹkan sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń kọ ni "Camry dúdú, 45,000", "Micra, 18,000". Ó parí. Ẹni tó bá ka ìwé náà á mọ iye tó wọlé, kò ní mọ ohun tó mú un wọlé. Ṣé ọ́ìlì ni? Ṣé púlọ́ọ̀gì ni? Àbí owó iṣẹ́ ọwọ́ ni? Ó dà bí ìgbà tí èèyàn da ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàrí pọ̀ sínú àpò kan, tó wá ń béèrè èwo ló fẹ́ tán.

ÌGBÉSẸ̀ KÌÍNÍ: PÍN ỌJÀ SÍ ÌSỌ̀RÍ

A ò lè máa tẹ̀ lé nǹkan bí igba lọ́kọ̀ọ̀kan. A pín gbogbo ọjà inú kọ̀ǹténà sí ìsọ̀rí márùn-ún: (1) ọ́ìlì àti gbogbo nǹkan olómi, (2) fílítà àti púlọ́ọ̀gì, (3) bíréèkì, (4) bátìrì, (5) táyà. Owó iṣẹ́ ọwọ́ ní ojú ìwé tirẹ̀, torí kì í ṣe ọjà. Tí ìsọ̀rí bá pọ̀ jù, ìwé á sú ẹni tó ń kọ ọ́. Tó bá sì kéré jù, a ti padà sínú àpò ìrẹsì àti gàrí nìyẹn.

ÌGBÉSẸ̀ KEJÌ: KA OHUN TÓ WÀ NÍLẸ̀

Ní ọjọ́ kìíní oṣù, a ti ilẹ̀kùn, a ka gbogbo ọjà, a sì kọ iye tá a fi ra ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Èyí kì í ṣe ọgbọ́n tuntun. Luca Pacioli, ará Ítálì kan, kọ̀wé ìṣirò kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ìlú Venice ní ọdún 1494. Nínú ẹ̀ ló ti sọ fún àwọn oníṣòwò pé kí wọ́n kọ́kọ́ kọ gbogbo ohun tí wọ́n ní sílẹ̀. Ó ti lé ní 500 ọdún, ọ̀rọ̀ náà ò tíì gbó.

ÌGBÉSẸ̀ KẸTA: KỌ Ọ́ LÓJOOJÚMỌ́

Ọjọ́, ìsọ̀rí, orúkọ ọjà, mélòó, iye tá a rà á, iye tá a tà á. Mẹ́fà péré. Òfin kan ló wà: ọjà ò gbọdọ̀ jáde nínú kọ̀ǹténà láìjẹ́ pé a ti kọ ọ́. Tí oníbàárà bá gba àwìn, kọ ọ́. Tí bàbá mi bá mú ọ́ìlì sínú ọkọ̀ tiwọn, kọ ọ́. Ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n fura sí yẹn gan-an ló ń kọ ọ́, èmi sì ń ṣírò ẹ̀ ní gbogbo Sátidé.

Ẹ má kọ owó nìkan o, ẹ kọ mélòó. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ fi iye dọ́là sílẹ̀ kí ọjà fúnra ẹ̀ máa pinnu ẹ̀, náírà sì já wálẹ̀. Páàtì tó ń ti òkè òkun wá gbówó lórí. Èèyàn lè ta fílítà 10 lónìí kí owó ẹ̀ ju ti fílítà 20 tó tà nígbà kan lọ. Owó pọ̀ sí i, ọjà dín kù. Ẹni tí kò bá ka ọjà á rò pé òun ń tẹ̀ síwájú.

ÌGBÉSẸ̀ KẸRIN: ÌṢIRÒ ÌPARÍ OṢÙ

Ẹ̀yin ará kíláàsì Akáǹtì, ẹ mọ èyí: ọjà tó wà nílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù, fi ọjà tá a rà kún un, yọ ọjà tó ṣẹ́ kù lópin oṣù. Ohun tó bá jáde ni ọjà tó lọ. Ẹ wá fi wé ohun tí ìwé sọ pé a tà. Ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ ṣe é fún.

Ohun tá a rí rèé:

Ọ́ìlì: a tà á ní ₦420,000, a rà á ní ₦336,000. Èrè ₦84,000.
Fílítà àti púlọ́ọ̀gì: a tà á ní ₦180,000, a rà á ní ₦117,000. Èrè ₦63,000.
Bíréèkì: a tà á ní ₦247,000, èyí tó jáde jẹ́ ₦250,000. Àdánù ₦3,000!
Bátìrì: a tà á ní ₦350,000, a rà á ní ₦325,000. Èrè ₦25,000.
Táyà: a tà á ní ₦600,000, a rà á ní ₦570,000. Èrè ₦30,000.

Àpapọ̀ ohun tá a tà jẹ́ ₦1,797,000, èrè ₦199,000. Ká ní àpapọ̀ yìí nìkan la wò, à bá ní "ọpẹ́ ni", ká sì lọ sùn. Àmọ́ ẹ wo inú ẹ̀ dáadáa.

Táyà ló mú owó tó pọ̀ jù wọlé, àmọ́ nínú gbogbo ₦100 tó mú wá, ₦5 péré ni èrè. Fílítà àti púlọ́ọ̀gì tí kò já mọ́ nǹkan lójú ẹnikẹ́ni, ₦35 ni nínú ₦100. Ẹ tún gbọ́ èyí: táyà 20 ṣì wà nílẹ̀ lópin oṣù. ₦57,000 la ra ọ̀kan, ìyẹn ni pé ₦1,140,000 ló jókòó sínú kọ̀ǹténà. Mẹ́wàá la sì ń tà lóṣù, oṣù méjì gbáko ni wọ́n máa fi wà níbẹ̀. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ọ́ìlì á ti tán ní ọ̀sẹ̀ kẹta, a ó máa rán oníbàárà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Owó Ládípọ̀ tí bàbá mi ń wá kiri, orí táyà ló jókòó sí.

BÍRÉÈKÌ MẸ́FÀ DÀ?

Ọ̀rọ̀ tó le rèé. Bíréèkì pádì 14 la bá níbẹ̀rẹ̀ oṣù, a ra 20, ó di 34. Lópin oṣù, 9 ló kù. Ìyẹn ni pé 25 ló jáde. Àmọ́ 19 ni ìwé sọ pé a tà, ₦13,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà ò sí níbì kankan.

Gbogbo wa dákẹ́. Bàbá mi wo ọmọ iṣẹ́ náà. Ọmọ náà wolẹ̀. Èmi náà bẹ̀rù, mo rò pé ìwé tí mo fẹ́ fi gbà á là ló fẹ́ lé e lọ yìí.

Ni mo bá ṣí ojú ìwé owó iṣẹ́ ọwọ́. Mo ka àwọn tí bàbá mi fi ọwọ́ ara wọn kọ sókè: "Corolla, 40,000. Sienna, 38,000." Nígbà tí mo ka ìkẹta, wọ́n ní, "Dúró ná. Corolla yẹn, bíréèkì ni mo pààrọ̀ fún un." A kà á síwájú. Mẹ́fà pé. Ní àwọn ọjọ́ tí wọ́n rán ọmọ iṣẹ́ náà jáde, bàbá mi fúnra wọn ló mú bíréèkì nínú kọ̀ǹténà, wọ́n sọ fún oníbàárà pé "ẹ mú iye báyìí wá, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀", wọ́n sì kọ gbogbo owó náà sí iṣẹ́ ọwọ́.

Owó iṣẹ́ ọwọ́ ni a sì ń jẹ nílé. Òun ni màmá mi fi ń se ọbẹ̀, òun ni wọ́n fi san owó ilé ìwé mi. Ẹ gbọ́ ọ yé mi: ₦60,000 tó yẹ kó padà lọ ra bíréèkì, àwa la jẹ ẹ́. Olè kankan ò sí. Tá a bá dá ₦78,000 bíréèkì mẹ́fà yẹn padà sí àyè ẹ̀, ìsọ̀rí bíréèkì ò jẹ gbèsè, èrè ₦75,000 ló mú wá.

Bàbá mi pe ọmọ iṣẹ́ náà. Wọ́n ní, "Má bínú, ọmọ mi. Èmi ni mo ṣì ọ́ fura." Mi ò tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọn rí.

OHUN MẸ́TA TÍ Ẹ GBỌ́DỌ̀ ṢỌ́

Àkọ́kọ́, oṣù kan ò tó ṣe ìdájọ́. Wáípà ń tà nígbà òjò. Fílítà afẹ́fẹ́ ń tètè dí lásìkò ọyẹ́ torí eruku. Ìrìn àjò ọdún Kérésì máa ń mú kí àwọn èèyàn tún bíréèkì ṣe. Ẹ fi oṣù kẹfà ọdún yìí wé oṣù kẹfà ọdún tó ń bọ̀.

Èkejì, àwọn ọjà kan ń darúgbó. Bátìrì tó bá pẹ́ nílẹ̀ láìgba iná á máa kú díẹ̀díẹ̀. Ọ́ìlì bíréèkì tí wọ́n bá ṣí sílẹ̀ ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Ara táyà ní nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT: 2321 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2021 ni wọ́n ṣe é. Èyí tó bá kọ́kọ́ wọlé ni kó kọ́kọ́ jáde.

Ẹ̀kẹta, ọ̀gá náà gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Ìwé tí ọmọ iṣẹ́ nìkan ń kọ, ìdajì ìwé ni.

Ní báyìí, bàbá mi ò ra táyà púpọ̀ mọ́, wọ́n fi owó ẹ̀ kún ọ́ìlì àti fílítà. Owó ọjà ní àpótí tiẹ̀, owó iṣẹ́ ọwọ́ ní tiẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ wa, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì ti ra ìwé tiẹ̀ sílẹ̀ de ṣọ́ọ̀bù tó máa ṣí lẹ́yìn fúrídọ́ọ̀mù.

Tí òbí yín bá ń ta ọjà, ì báà jẹ́ ata, aṣọ tàbí oògùn, ẹ dán an wò ní oṣù kan. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni lólè, ẹ kọ́kọ́ ka ọjà.

— Ọmọ ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn, SS2