Igi Ìdáná àbí Sítóòfù Oníná: Èwo Ló Yẹ Ká Lò?

Ọ̀rọ̀ tó ń lọ lábẹ́ ìsọ̀ ni pé igi ti wọ́n, èédú ti wọ́n, kẹrosíìnì kò ṣeé sún mọ́. Àwọn kan ní ká yáa ra sítóòfù oníná. Àwọn mìíràn ní igi làwọn bá lọ́wọ́ ìyá àwọn, igi náà làwọn ó máa fi dáná. Èmi akọ̀wé yín ní ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò, kí oníkálùkù fi ìṣirò mú tirẹ̀, kó má jẹ́ pé ohun tí aládùúgbò rà ni àwa náà ń sáré rà.

Ẹ jẹ́ ká mú igi ná. Ìkòkò ńlá kò ní ọ̀rẹ́ tó ju igi lọ. Ẹni tó ń se ìrẹsì ìnáwó, ẹni tó ń yan gàrí, sítóòfù oníná kékeré kò lè bá a gbé e. Ṣùgbọ́n igi ju igi lọ. Àyìn le, ó ń jó pẹ́, ẹyinná rẹ̀ kì í tètè kú. Ẹni tó ra igi tútù, omi ló fowó rà. Iná á kọ́kọ́ gbẹ omi inú igi kó tó ráyè ìkòkò, èéfín á sì gba gbogbo ilé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ igi tó gbẹ, ẹ wo orí rẹ̀, á ti sán. Ẹ fi méjì lu ara wọn, á dún kó-kó. Ẹ là á wẹ́wẹ́, ẹ tò ó sórí òkúta kó má fara kan ilẹ̀, kí ẹ sì bo orí rẹ̀ nítorí òjò.

Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù. Òótọ́ ni, àmọ́ ààrò mẹ́ta tó wà ní gbangba ń da ooru nù! Atẹ́gùn ló ń gbé e lọ. Ẹ fi amọ̀ yí i ká, ẹ dá ojú kan sí fún igi, kí ìkòkò jókòó dáadáa. Ẹ ó rí i pé igi tí ẹ ń lò á dín.

Ọ̀rọ̀ èéfín ló wá kù, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní lọ́dún 2020, èéfín ìdáná inú ilé fa ikú èèyàn bíi mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 lé ní 237,000 nínú wọn. Àwa obìnrin là ń jókòó ti iná, ọmọ á sì wà lẹ́yìn wa. Nítorí náà, ìta gbangba ni kí ẹ dáná igi, tàbí ilé ìdáná tí atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Èédú kì í rú èéfín bí igi, ìyẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Afẹ́fẹ́ olóró kan ń jáde lára rẹ̀ tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn. Ẹni tó gbé àdògán èédú wọ yàrá, tó tilẹ̀kùn nítorí òjò tàbí òtútù, lè sùn kó má jí mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín.

Ó wá kan sítóòfù oníná. Kò ní èéfín, kò ní eérú, ìkòkò kì í dúdú. Owó rẹ̀ ńkọ́? Ẹ wo ara rẹ̀, wọ́n kọ wáàtì rẹ̀ síbẹ̀. Wáàtì 1,000 ń jẹ yúnìtì 1 ní wákàtí kan. Èyí tó jẹ́ 1,500, tí ẹ bá fi se ẹ̀wà fún wákàtí 2, yúnìtì 3 ló lọ yẹn. Ní April 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, sí naira 225 fún yúnìtì kan. Níye yẹn, ẹ̀wà náà jẹ iná naira 675. Ẹ fi iye tí ẹ ń rà á lónìí ṣe tiyín.

Bí iná bá rẹlẹ̀, tó wá ní ìdajì agbára rẹ̀, ooru sítóòfù á di ìdámẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí iṣu fi ń pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ lo ìkòkò tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú, ẹ dé e, kí ẹ sì pa á díẹ̀ kí oúnjẹ tó jinná tán, torí ooru ṣì wà lára irin rẹ̀. Ẹ má fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ fà á, ó ń dá iná sílẹ̀.

Ní tèmi o, ìkòkò ìnáwó àti ti ọjà, ẹ fi igi gbígbẹ sè é níta. Ìkòkò ilé tó kéré, níbi tí iná bá ti ń dúró, ẹ fi sítóòfù oníná sè é. Níbi tí iná kì í bá dúró, ẹ má ju ààrò nù. Kí ẹnikẹ́ni tó ra ohun tuntun, kó kọ owó igi ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀, kó kọ ti iná ọ̀sẹ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìwé á fi èrè hàn yín.

Ọjà á tà, àwìn ò ní gba owó wa, iná ilé wa ò ní jó wa. Àṣẹ.