Ṣé o mọ̀? Ọmọdé ni àbí géndé?
Ọmọ ọdún 13 tó ń kiri dòdò Ìkirè létí títì, ọmọdé ni títí yóò fi pé 18, gẹ́gẹ́ bí Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ṣe wí. Òfin ìwà ọ̀daràn ní tiẹ̀ ní ọmọ tó ti kọjá 12 lè jẹ́jọ́ ohun tó bá ṣe. Àwọn tí kò tíì pé 7 nìkan ló bọ́ pátápátá. Ní 18, ó lè dìbò ní Apòmù, àmọ́ ó di 25 kó tó lè du ipò aṣòfin ìpínlẹ̀. 30 ni tẹ́lẹ̀, kó tó di 2018. (Olóṣèlú tó ń wá jàǹdùkú kì í béèrè ọjọ́ orí ní tiẹ̀ o!) Ìwé òfin 1999 tún ní, tó bá dọ̀rọ̀ kíkọ ìjẹ́ ọmọ Nàìjíríà sílẹ̀, obìnrin tó bá ti lọ́kọ ti dàgbà, bó ti wù kó kéré tó.