Bí Bùlgáríà Bá Ti Yan Ìhà Kejì ní Ọdún 1915

A sábà máa ń ka ìtàn bí ẹni pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìkan ni ó lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Nínú ọ̀rọ̀ yìí àwa fẹ́ dúró ní oríta kan pẹ̀lú orílẹ̀-èdè kékeré tí a ń pè ní Bùlgáríà, kí a wo ọ̀nà tí ó gbà, kí a sì wo èyí tí ó kọ̀ sílẹ̀.

Bùlgáríà wà ní gúúsù ìlà-oòrùn Yúróòpù, lẹ́bàá Òkun Dúdú. Ẹni tí ó bá ti ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì kò ní ṣàì mọ Makedóníà, aládùúgbò rẹ̀, níbi tí Pọ́ọ̀lù rékọjá lọ láti Tíróásì. Ilẹ̀ Makedóníà yìí gan-an ni gbòǹgbò ọ̀ràn náà.

Àwọn Tọ́kì jẹ gàba lé Bùlgáríà lórí fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, títí Rọ́ṣíà fi gbé ogun dìde sí wọn ní 1877. Ní oṣù Kẹta 1878, àdéhùn San Stefano fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀ Makedóníà fún Bùlgáríà. Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje ọdún kan náà àwọn alágbára Yúróòpù pàdé ní Berlin, wọ́n sì gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọgbẹ́ náà kò jinná. Ní 1912 Bùlgáríà, Sérbíà, Gíríìsì àti Montenegro para pọ̀ lé Tọ́kì. Ní 1913 àwọn ọ̀rẹ́ wọ̀nyí jà lórí ìkógun. Bùlgáríà ni ó kọ́kọ́ kọlu àwọn yòókù, òun náà ni a sì ṣẹ́gun. Sérbíà àti Gíríìsì mú èyí tí ó pọ̀ jù nínú Makedóníà, Románíà sì gba gúúsù Dobruja.

Nígbà tí ogun ńlá bẹ̀rẹ̀ ní 1914, Bùlgáríà kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́, ìhà méjèèjì sì ń wá ojú rere rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Rọ́ṣíà ṣèlérí apá kan ilẹ̀ Tọ́kì fún un, àti apá kan Makedóníà nígbà tí ogun bá parí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Sérbíà, ọ̀rẹ́ wọn, ni Makedóníà wà, Sérbíà kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀. Jámánì ní tirẹ̀ ṣèlérí pé kí Bùlgáríà gbà á lójú ẹsẹ̀. Ó rọrùn láti fi ohun ọ̀tá ẹni ta ènìyàn lọ́rẹ.

Ọba Ferdinand àti olórí ìjọba rẹ̀, Vasil Radoslavov, wo bí ogun ti ń lọ. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé há sí etí òkun Gallipoli, àti pé Jámánì ti gba Warsaw lọ́wọ́ Rọ́ṣíà. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án 1915 wọ́n bá Jámánì àti Ọ́stríà ṣe àdéhùn. Aleksandar Stamboliyski, olórí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀, kìlọ̀ fún ọba lójúkojú pé ọ̀nà yìí lè ná an ní orí rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi san án fún un.

Ní oṣù Kẹwàá, bí Jámánì àti Ọ́stríà ti ń bọ̀ láti àríwá, Bùlgáríà kọlu Sérbíà láti ìlà-oòrùn. Àwọn ọmọ ogun Sérbíà sá la àwọn òkè Albania kọjá nínú òtútù líle, ọ̀pọ̀ sì kú lójú ọ̀nà. Ojú irin láti Berlin dé Constantinople ṣí sílẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1916 àwọn tí ó kù ní Gallipoli kó ẹrù wọn lọ.

Ǹjẹ́ bí Bùlgáríà bá ti yan ìhà kejì ńkọ́? Ní àkọ́kọ́, ojú irin náà ì bá wà ní títì, ohun ìjà Jámánì kì bá sì tètè dé ọwọ́ Tọ́kì. Ní ọ̀nà kejì, Tọ́kì ì bá máa ja ogun níwájú àti lẹ́yìn, nítorí ní 1912 àwọn ọmọ ogun Bùlgáríà ti rìn dé Çatalca, nítòsí Constantinople, kí a tó dá wọn dúró. Ní ọ̀nà kẹta, Sérbíà, tí ó ti lé Ọ́stríà padà ní 1914, ì bá ní ẹ̀yìn tí ó lè fẹ̀ sí.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa. Románíà yan ìhà Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ní 1916, kí ọdún náà sì tó parí, Bucharest, olú ìlú rẹ̀, ti ṣubú. Ó ṣeé ṣe kí irú rẹ̀ dé bá Sofia pẹ̀lú. Síbẹ̀, ẹ kíyèsí ìyàtọ̀ yìí: Románíà tí a ṣẹ́gun jókòó pẹ̀lú àwọn aṣẹ́gun nígbà ìpínlẹ̀, ó sì gba Transylvania. Bùlgáríà, tí ó ti di Makedóníà mú fún ọdún mẹ́ta, dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ fọ́ ní Dobro Pole ní oṣù Kẹsàn-án 1918, Ferdinand sì gbé adé sílẹ̀ fún Boris ọmọ rẹ̀. Stamboliyski, tí ó ti jáde lẹ́wọ̀n tí ó sì ti di olórí ìjọba, ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ ìwé ní Neuilly ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá 1919. Ìwé náà gba ọ̀nà Bùlgáríà sí Òkun Aegean, ó sì pa á láṣẹ pé kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ má ju 20,000 lọ. Ẹni tí ó kìlọ̀ ni ó wá san gbèsè àwọn tí kò gbọ́.

Ní 1941 Bùlgáríà tún tọ Jámánì lẹ́yìn nítorí ilẹ̀ kan náà, ó sì tún pàdánù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1940, láìyin ìbọn kan, ó ti gba gúúsù Dobruja padà lọ́wọ́ Románíà nípa àdéhùn Craiova, ilẹ̀ náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní. Bẹ́ẹ̀ ni òwe wa rí: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.