Ǹjẹ́ Réluwéè Èkó Ṣì Yẹ fún Ìdílé Tí Ó Ń Ti Ìyànà Ọ̀fà Lọ?

Ìyá kan ní Ìyànà Ọ̀fà bi wá ní ìbéèrè kan ní àìpẹ́ yìí, a sì rò pé ọ̀rọ̀ náà kan ọ̀pọ̀ ilé ní agbègbè wa. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, bàbá àwọn ọmọ fẹ́ kí a kó àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ kí ìyá àgbà ní Yábà, wọ́n sì ní réluwéè ni kí a wọ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń yìn ín nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ǹjẹ́ ó ṣì rí bẹ́ẹ̀? Àbí kí a kúkú wọ bọ́ọ̀sì ní Ìwó Road bí a ti máa ń ṣe?" A dá a lóhùn ní ṣókí lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí a délé tí a jókòó rò ó, a rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé dáhùn ní ìdúró.

Àwa ará ìhà Lágelú kì í ṣe àjèjì sí ọkọ̀ ojú irin. Ọdún 1896 ni àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ irin láti Èkó wá sí òkè, ọdún 1901 ni wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn. Láti Ìbàdàn ni irin náà ti gba Lálúpọn kọjá lọ sí Òṣogbo, kí ọdún 1912 sì tó parí, ó ti dé Kánò. Lálúpọn yìí kò jìnnà sí Ìyànà Ọ̀fà. Àwọn àgbà ṣì ń sọ bí fèrè réluwéè ti jẹ́ aago fún àwọn tí kò ní aago nílé, tí ẹni tí ó wà lóko yóò gbọ́ ọ tí yóò sì mọ̀ pé ó tó àkókò láti sọ ọkọ́ kalẹ̀. Ẹkún pẹ̀lú wà nínú ìtàn náà. Ní oṣù September ọdún 1957, lẹ́yìn òjò ńlá, ọkọ̀ kan tí ó kún fún èrò yẹ̀ kúrò lórí irin nítòsí Lálúpọn, ẹ̀mí tí ó ṣòfò sì lé ní ọgọ́ta. Bí ẹ bá rí ìyá àgbà kan ní ìhà ibí tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ réluwéè, ẹ má ṣe bá a jiyàn.

Lẹ́yìn náà ni mọ́tò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ réluwéè. Ọdún 1978 ni wọ́n ṣí títì ńlá tí ó ti Èkó wá sí Ìbàdàn, láti ìgbà náà ni púpọ̀ nínú wa sì ti gbàgbé pé irin wà nílẹ̀. Ní oṣù December ọdún 2012 ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ̀ gbé èrò láti Èkó lọ sí Kánò lórí irin àtijọ́ yìí, inú wa sì dùn, ṣùgbọ́n kò rí ẹsẹ̀ dúró bí a ti rò. Lónìí, ará Ìyànà Ọ̀fà tí ó bá fẹ́ wọ réluwéè lọ sí Èkó, Mọ́níyà ni yóò gbà lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni yóò padà wá dá wa lẹ́jọ́.

Irin tuntun ni ti Mọ́níyà. Ilé iṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà ni ó tẹ́ ẹ, owó tí ìjọba yá lọ́wọ́ Ṣáínà sì wà nínú rẹ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 157, ọ̀nà méjì ni wọ́n sì tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí èyí tí ń lọ má baà dúró de èyí tí ń bọ̀. Ààrẹ Muhammadu Buhari ni ó ṣí i ní ọjọ́ 10 oṣù June ọdún 2021, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ ti ń gbé èrò níbẹ̀ láti òpin ọdún 2020. Láti Mọ́níyà, àwọn ìdíkọ̀ tí wọ́n kọ́ ni Omi-Àdìó, Olódó, Abẹ́òkúta, Pápáláńtò, Kájọlà, Agbádo, Agége, kí a tó dé Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà. Kí ẹnikẹ́ni nínú yín má ṣe rí orúkọ Olódó kí ó sì yọ̀. Kì í ṣe Olódó tiwa ti ọ̀nà Ìwó ni. Ti ìhà Ọ̀dẹ̀dá ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti owó. Nígbà tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, iye tí ìjọba kéde ni náírà 3,000 fún ìjókòó tí ó rẹlẹ̀ jù, 5,000 fún ti àárín, àti 6,000 fún kíláàsì kìn-ín-ní. Ní ọdún 2024, iye náà ti di 3,600, 6,500, àti 9,000. Ẹ fi iye méjèèjì wé ara wọn dáadáa. Ìjókòó àwọn ọlọ́lá ti fi ìdajì iye rẹ̀ gorí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ti mẹ̀kúnnù kò ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ, ní àkókò kan náà tí owó epo, owó gààrí, owó ìwé ilé ẹ̀kọ́ àti owó gbogbo nǹkan ń sáré bí ẹṣin. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọwọ́ kúrò nínú ìrànlọ́wọ́ orí epo ní ọdún 2023, kò sí bọ́ọ̀sì kan tí ó lè sọ irú ọ̀rọ̀ yìí nípa owó tirẹ̀.

Ìyá tí ó bi wá léèrè ní ènìyàn márùn-ún nínú ilé. Bí a bá ka àwọn ọmọ rẹ̀ sí ẹni tí ń san owó kíkún, kí ìṣirò wa má baà kéré ju bí ó ti yẹ lọ, náírà 18,000 ni wọn yóò san ní ìjókòó tí ó rẹlẹ̀ jù, 45,000 ni ní kíláàsì kìn-ín-ní. Náírà 27,000 ni ó wà láàrin méjèèjì, ẹnjìnnì kan náà ni ó sì ń fa gbogbo wọn, ìṣẹ́jú kan náà ni wọn yóò dé. Ní tiwa, àfi bí aláìsàn tàbí arúgbó bá wà láàrin wọn, a kò rí ìdí tí bàbá ọlọ́mọ yóò fi san ìyókù náà. Ó sàn kí ó fi ra ẹ̀bùn fún ìyá àgbà.

Ṣùgbọ́n owó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan kọ́ ni owó ìrìnàjò, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ìṣirò ṣe nìyẹn. Ará Mọ́níyà lè rìn lọ sí ìdíkọ̀ kí ó sì máa súfèé. Ará Ìyànà Ọ̀fà yóò kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ dé Ìwó Road, yóò sọ̀kalẹ̀, yóò wọ òmíràn gba Òjóò lọ sí Mọ́níyà, yóò sì tún wá ọ̀kadà tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá tí yóò gbé e dé ẹnu ọ̀nà ìdíkọ̀. Ẹ fi ọmọ mẹ́ta kún un, pẹ̀lú ẹrù, pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ, ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Bọ́ọ̀sì yóò dúró dè yín, àní yóò dúró títí yóò fi sú yín, nítorí kò ní lọ bí kò bá kún. Réluwéè kò mọ ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tí ó bá dé lẹ́yìn tí ó ti fọn fèrè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò máa wò.

Bí a bá ti jókòó tán nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Bí wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ni a fi ń dé Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà bí kò bá sí ìdíwọ́. Olúkúlùkù ní ìjókòó tirẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù wà, ọmọdé lè dìde kí ó na ẹsẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì wà nínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti bẹ awakọ̀ rí pé kí ó dúró nínú igbó nítorí ọmọ tí kò lè mú un mọ́ra, ẹ̀yin ni ẹ mọ iye tí èyí tó. Lójú títì, ẹnikẹ́ni kò lè ṣèlérí wákàtí fún yín. Láti ọdún 2013 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe títì náà, ó sì ti dára púpọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ bí mọ́tò kan bá bàjẹ́ ní ìhà Mówe tàbí Ìbàfò, odindi ọjọ́ lè lọ sí i. A kò fẹ́ sọ ti jàǹbá ọkọ̀, nítorí kò sí ìjọ kan ní ìhà wa tí kò ní ẹni tí ó ń sunkún lórí ọ̀nà yẹn.

Kì í ṣe pé réluwéè kò ní àléébù. Ní oṣù February ọdún 2022, epo díṣẹ́ẹ̀lì tán nínú ọkọ̀ kan láàrin ọ̀nà, èrò sì wà nínú igbó títí wọ́n fi wá epo wá. Àwọn aláṣẹ tọrọ gáfárà, ṣùgbọ́n ìtìjú náà kò tíì tán lára wọn. Ní ọjọ́ 28 oṣù March ọdún yẹn kan náà ni àwọn oníṣẹ́ ibi kọlu ọkọ̀ Àbújá sí Kàdúná, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó àwọn mìíràn lọ. Ọ̀nà tiwa kọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí òbí tí ó gbọ́ ọ tí kò ro ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Láti ìgbà náà, ìbéèrè wa kì í tún ṣe ti ìjókòó rírọ̀ nìkan mọ́. A ń bèèrè ẹni tí ń ṣọ́ irin ní òru.

Àwọn àgbà tí ó lọ kọ́ ìwé ní ìlú òyìnbó máa ń fi Aureol ṣe àpèjúwe ìtọ́jú èrò. Ọkọ̀ ojú omi ilé iṣẹ́ Elder Dempster ni, tí ó ń ná Èkó sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1951 títí di 1974. Bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń wà lójú òkun, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti san owó rẹ̀, ibùsùn, oúnjẹ àti gbogbo ìtọ́jú wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò tún na ọwọ́ sí i. Ọkọ̀ òfuurufú yára jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ ni Aureol ṣe kásẹ̀ nílẹ̀. A kò retí ibùsùn lórí réluwéè wákàtí mẹ́ta. Síbẹ̀ ohun kan wà tí a lè kọ́ lára ọkọ̀ náà. Láti ilé dé ibi tí a ń lọ ni èrò ń ṣírò owó. Bí ọkọ̀ tí ó ní àkókò pàtó bá ń ti Ìwó Road lọ pàdé réluwéè ní Mọ́níyà, tí owó rẹ̀ sì wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì, ìdajì ẹjọ́ wa ni ìbá tán. Ní ìhà Èkó, wọ́n ti gbìyànjú díẹ̀: láti oṣù October ọdún 2024 ni réluwéè ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń gbé èrò láàrin Agbádo àti Oyíńgbò, tí ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ ní Agége lè fi dé inú ìlú. Ìhà tiwa ni a ti gbàgbé.

Nítorí náà, ìyá wa, èsì wa nìyí. Ẹni tí ó dá nìkan lọ, tí ó fẹ́ ta ọjà kí ó sì padà lọ́jọ́ kan náà, kí ó wọ bọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọmọ lọ, tí ẹ óò sì sun ibẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan, ẹ wọ réluwéè, ó ṣì yẹ owó rẹ̀, pàápàá jù lọ bí ilé tí ẹ ń lọ bá wà ní Yábà, tí kò jìnnà sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú ọjọ́ náà, kí àwọn ọmọ yín ọ̀dọ́langba bá yín rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹ kò bá mọ ọ̀nà rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àsìkò Kérésìmesì, ẹ tètè ṣe é, nítorí ní òpin ọdún 2023 ìjọba gbé èrò lọ́fẹ̀ẹ́ ní àsìkò náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń dúró de irú ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó ku ti àbọ̀. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ní Èkó, ilẹ̀ yóò ti ṣú kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀ ní Mọ́níyà, ọkọ̀ tí ń lọ sí Ìyànà Ọ̀fà kì í sì í pọ̀ ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀. Ẹ wọ ti òwúrọ̀ padà. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, ẹ ti bá ẹbí kan ní Òjóò tàbí Mọ́níyà sọ ọ́ ṣáájú pé ẹ óò sùn lọ́dọ̀ wọn, kí àwọn ọmọ jẹun níbẹ̀, kí ẹ sì máa bọ̀ wálé nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́.