Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Àwọn Atẹ̀dó ní Staunton

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, inú àpótí onígíláàsì ni wọ́n máa ń kó ohun àtijọ́ sí, àlejò a sì wò ó láìfọwọ́ kàn án. Irú mìíràn wà tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń wọ aṣọ ayé àtijọ́, tí wọ́n ń rọ irin, tí wọ́n ń sin ẹran, tí wọ́n sì ń dáhùn ìbéèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ lọ́wọ́ wọn. Gbajúmọ̀ nínú àwọn tó ṣáájú ni Skansen, tí Artur Hazelius ṣí ní Stockholm lórílẹ̀-èdè Sweden lọ́dún 1891, nígbà tó rí i pé iṣẹ́ ẹ̀rọ ti ń pa ìgbé-ayé ìgbèríko rẹ́.

Èyí tó yẹ kí ọmọ Nàìjíríà mọ̀ jù lọ ni Frontier Culture Museum, tó wà ní Staunton, nínú àfonífojì Shenandoah ní ìpínlẹ̀ Virginia, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣí fún aráàlú lọ́dún 1988. Ìtàn àwọn atẹ̀dó ló ń sọ, ìyẹn àwọn tó wá láti òkèèrè ṣán igbó, tí wọ́n dáko, tí wọ́n sì kọ́lé sórí ilẹ̀ tí àwọn onílẹ̀ ti ń gbé ṣáájú wọn. Ibi tí oníkálukú ti ṣí wá ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀: wọ́n tú ilé àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òmíràn ní Ireland, òmíràn ní Jámánì, wọ́n kó wọn sọdá òkun, wọ́n sì tún wọn tò.

Ilé alágbẹ̀dẹ tó wá láti Ireland yẹ ní ibi tí ènìyàn ń dúró pẹ́ sí. Alágbẹ̀dẹ a fi ewìrì fẹ́ná títí èédú yóò fi pọ́n, a fi ẹ̀mú mú irin jáde, a gbé e lé orí owú, a sì fi ọmọ owú lù ú kíákíá. Bí pípọ́n irin náà bá ti ń ṣá, inú iná ló tún ń padà sí. Ìṣó kan ṣoṣo ń gba irú wàhálà yìí, ìdí nìyẹn tí àwọn atẹ̀dó fi ń ṣọ́ ìṣó lò, tí wọ́n bá sì ń kọ́lé, wọ́n a gé igi gbọọrọ létí kí wọ́n lè há mọ́ra wọn, kí wọ́n tó fi amọ̀ dí àlàfo àárín wọn.

Ṣùgbọ́n agbo ilé Ìbò ni ọkàn ibẹ̀. Ilé amọ̀ kò ṣeé tú kó sínú ọkọ̀ òkun, nítorí náà ńṣe ni wọ́n kọ́ ọ tuntun, pẹ̀lú ògiri amọ̀ àti òrùlé koríko, láti ṣàfihàn ìgbé-ayé àgbẹ̀ Ìbò ní àwọn ọdún 1700. Ó tọ́ kó wà níbẹ̀, nítorí pé etíkun Biafra ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹrú tó gúnlẹ̀ sí Virginia ní ìdajì àkọ́kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún náà, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ Ìbò. Ará Jámánì àti ará Ireland wá ilẹ̀ wá, bí ìṣẹ́ tilẹ̀ lé wọn kúrò nílé. Ìbò ní tirẹ̀, ipá ni wọ́n fi gbé e wá, kò sì ní ìpín nínú ilẹ̀ tó ń ro. Bí wọ́n ti fi agbo ilé rẹ̀ sí ẹgbẹ́ tiwọn ń jẹ́rìí pé àgbẹ̀ tó mọṣẹ́, tó nílé, tó sì lẹ́bí, ni wọ́n sọ di ẹrú.

Lẹ́yìn àwọn ilé òkèèrè ni àlejò yóò kan àwọn oko Amẹ́ríkà, láti ilé onígi àwọn ọdún 1740 títí dé oko àwọn ọdún 1850. Kó má ṣe tijú láti béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ta ló ń ro irú oko bẹ́ẹ̀, ta sì ni wọ́n ń sanwó fún, nítorí pé òwò ẹrú lè ti kásẹ̀ nílẹ̀ lójú òkun, ẹrú ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Virginia títí di ọdún 1865.